Ìtumọ̀ Kò Sí Nínú Ọgbẹ́: Ẹ Yéé Fi Viktor Frankl Pa Ẹlẹ́kún Lẹ́nu Mọ́

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tó kàn ló mọ̀. Òwe náà kúrú, ṣùgbọ́n ó jọ pé ọ̀pọ̀ olùtùnú òde òní ti gbàgbé rẹ̀ pátápátá. Kí àjálù sáà ti dé bá ènìyàn, yálà ọkọ̀ ló pa ọmọ rẹ̀ ni, tàbí àwọn ajínigbé ló tì í mọ́nú igbó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí omi ojú rẹ̀ tó gbẹ ni ẹnìkan yóò ti dìde láàrin àwọn tó wá kí i, yóò ní kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láìnídìí. Òmíràn yóò ní ìyà náà wá láti kọ́ ọ lọ́gbọ́n ni. Bí olùtùnú náà bá wá jẹ́ ẹni tó kàwé díẹ̀, tó ti jókòó gbọ́ àwọn asọ̀rọ̀-ìwúrí, kò ní pẹ́ dárúkọ ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Viktor Frankl. Yóò ní Frankl wà ní àgọ́ ikú àwọn Násì, ó rí ìtumọ̀ nínú ìyà rẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi kú. Nítorí náà kí ẹni tí ń sunkún yìí náà wá ìtumọ̀ tirẹ̀, kí ó nu ojú nù, kí ó dìde.

Irọ́ gbáà ni. Frankl gbé ayé, ó sì jìyà. Kò sí ẹni tó ń jiyàn ìyẹn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi sí i lẹ́nu ni irọ́. Ọkùnrin náà kò fi ìgbà kan kọ́ni pé ìyà ní ìtumọ̀ nínú ara rẹ̀, kò sì sọ pé àwọn tó mọ ìtumọ̀ ayé wọn ni ikú fò dá. Ó yẹ kí ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama, tí orúkọ rẹ̀ ń dé etí yín láti orí pẹpẹ ìwàásù títí dé ìpàdé àwọn ọ̀dọ́, mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà gbé wọ́.

Ìlú Vienna ní orílẹ̀-èdè Austria ni wọ́n ti bí Frankl ní ọjọ́ 26 oṣù kẹta ọdún 1905. Júù ni àwọn òbí rẹ̀. Iṣẹ́ ìṣègùn ni ó kọ́, ìtọ́jú àrùn ọpọlọ àti ti ọkàn ni ó sì yàn láàyò. Kí ogun tó dé rárá ni ó ti ń bá àwọn tí ayé sú ṣiṣẹ́. Ọdún 1928 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò ibi tí àwọn ọ̀dọ́ Vienna ti lè wá gba ìmọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ń gba ẹ̀mí ara wọn, ó sì tẹra mọ́ iṣẹ́ náà ní pàtàkì ní àkókò tí ilé-ẹ̀kọ́ ń pín ìwé èsì ìdánwò. Kí olùkàwé fi èyí sọ́kàn. Ọ̀rọ̀ yóò padà síbẹ̀. Láti 1933 sí 1937, ó ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwòsàn Steinhof, níbi tí ó ti ń tọ́jú àwọn obìnrin tó ti gbìyànjú láti pa ara wọn. Kì í ṣe inú àgọ́ Násì ni èrò rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, bí àwọn kan ti ń sọ. Ó ti ní in lọ́wọ́ kí ó tó débẹ̀. Àgọ́ náà ni ó dán an wò.

Ní oṣù kẹta ọdún 1938, Násì Jámánì gba Austria. Ní 1940, Frankl di ọ̀gá ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ àti iṣan ní ilé-ìwòsàn Rothschild, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn Júù. Àyè sá ṣí sílẹ̀ fún un láti sá lọ. Ó rí ìwé àṣẹ ìwọ̀lú Amẹ́ríkà gbà, ohun tí ọ̀kẹ́ àìmọye Júù ń wá lójú méjèèjì nígbà náà tí wọn kò rí. Ṣùgbọ́n bí ó bá lọ, ta ni yóò dúró ti bàbá àti ìyá rẹ̀ tó ti dàgbà? Bí ó ti ń rò ó lọ tó ń rò ó bọ̀ ni ó délé, tó bá òkúta mábù kékeré kan lórí tábìlì. Bàbá rẹ̀ ló ṣà á níbi tí àwọn Násì ti wó sínágọ́gù palẹ̀. Lẹ́tà Hébérù kan ṣoṣo ló wà lára rẹ̀, lẹ́tà náà sì jẹ́ ti òfin tó pàṣẹ kí ọmọ bọ̀wọ̀ fún bàbá àti ìyá rẹ̀. Frankl jẹ́ kí àkókò ìwé ìwọ̀lú náà kọjá. Ọmọ Yorùbá kankan kò nílò ògbufọ̀ kí ìtàn yìí tó yé e.

Ní oṣù kejìlá 1941, ó gbé Tilly Grosser, nọ́ọ̀sì kan, níyàwó. Oyún tí wọ́n ní, ìjọba Násì kò jẹ́ kí wọ́n bí i. Ní oṣù kẹsàn-án 1942, wọ́n kó tọkọtaya náà àti àwọn òbí Frankl lọ sí Theresienstadt, ibẹ̀ ni bàbá kú sí. Ní oṣù kẹwàá 1944, orúkọ Frankl jáde láàrin àwọn tí wọ́n fẹ́ kó lọ sí Auschwitz. Tilly kò sí nínú àwọn tí wọ́n pè. Òun fúnra rẹ̀ ló ní òun yóò bá ọkọ òun lọ. Láìpẹ́, wọ́n kó ìyá Frankl tẹ̀lé wọn, wọ́n sì fi gáàsì olóró pa á. Walter ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú. Tilly kú ní Bergen-Belsen. Ọjọ́ díẹ̀ péré ni Frankl alára lò ní Auschwitz kí wọ́n tó gbé e lọ sí àwọn àgọ́ iṣẹ́ ipá tó wà lábẹ́ Dachau ní Jámánì, níbi tí orúkọ rẹ̀ ti di nọ́ńbà 119104. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin 1945 ni àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tú wọn sílẹ̀. Nígbà tó padà sí Vienna, kò bá ẹnikẹ́ni nínú ilé. Stella àbúrò rẹ̀, tó ti sá lọ sí Ọsirélíà ṣáájú, nìkan ni ogun náà fi sílẹ̀ fún un.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ó fi sọ ìwé rẹ̀ jáde lẹ́nu tí àwọn akọ̀wé sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé náà jáde ní Vienna ní 1946, ó bọ́ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1959, ó sì tà káàkiri ayé ju bí ẹnikẹ́ni ti lérò lọ. Òkìkí yìí gan-an ni ó kó bá a. Ìwé tí gbogbo ayé bá ń dárúkọ, àwọn tó ń dárúkọ rẹ̀ a máa pọ̀ ju àwọn tó kà á lọ.

Kí wá ni Frankl fi kọ́ni? Àwọn ọ̀mọ̀ràn méjì ló ṣáájú rẹ̀ ní Vienna. Sigmund Freud gbà pé ìfẹ́ ìgbádùn ló ń ti ènìyàn kiri. Alfred Adler ní ìlépa agbára ni. Frankl ní ohun tó jinlẹ̀ jù lọ nínú ènìyàn ni ìfẹ́ pé kí ayé òun ní ìtumọ̀. Ó sọ ọ̀nà ìtọ́jú tirẹ̀ ní logotherapy, láti ara ọ̀rọ̀ Gíríìkì náà, logos. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó rí tí ènìyàn fi lè bá ìtumọ̀ pàdé. Èkíní ni iṣẹ́ tí ó ṣe, ohun tí ó fi kún ayé. Èkejì ni ohun tí ó rí gbà lọ́wọ́ ayé, bí ìfẹ́ ẹnìkejì àti ẹwà ohun tó yí i ká. Ẹ̀kẹta, tí gbogbo ènìyàn ń pariwo rẹ̀, ni ìhà tí ènìyàn kọ sí ìyà tí kò ṣe é yẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn nínú gbólóhùn yẹn ni àwọn olùtùnú wa kì í kà dé: tí kò ṣe é yẹ̀. Frankl là á mọ́lẹ̀ pé bí ìyà bá ṣe é mú kúrò, mímú un kúrò ni ohun tó nítumọ̀, àti pé ẹni tó ń jẹ ìyà tí ó lè yẹ̀ kì í ṣe akíkanjú. Ọmọ tí wọ́n ń lù nílùkulù nílé kò nílò ìtumọ̀. Ẹni tí yóò gbà á sílẹ̀ ni ó nílò. Ọmọbìnrin tí àgbàlagbà kan ń fi ọwọ́ kàn lọ́nà àìtọ́ kò nílò ìwàásù nípa ohun rere tó lè ti inú ibi jáde. Ẹni tó bá fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ìwé Frankl, tí kò sì pe àwọn tó lè dá ọ̀daràn náà dúró, ó ti bá ọ̀daràn náà ṣiṣẹ́ ọ̀sán gangan.

Ìtàn kan wà nínú ìwé náà tí wọ́n fẹ́ràn láti máa sọ. Dókítà àgbà kan ni ìyàwó rẹ̀ ti kú láti ọdún méjì, ìbànújẹ́ kò sì fi í sílẹ̀. Frankl kò wàásù fún un. Ìbéèrè ló bi í: ká ní dókítà náà ló kọ́kọ́ kú ńkọ́? Ọkùnrin náà dáhùn pé ìyà ìbá jẹ ìyàwó òun púpọ̀. Frankl wá fi hàn án pé ìyà yẹn ni ó ti gbà jẹ fún ìyàwó rẹ̀. Dókítà náà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó sì lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Àwọn olùtùnú a máa sọ ìtàn yìí bí ẹni pé idán ni. Kò sí idán níbẹ̀. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni ọkùnrin náà fi wá, nígbà tó tó àkókò lójú rẹ̀, ọdún méjì lẹ́yìn ìsìnkú. Inú ìdáhùn tirẹ̀ ni ìtumọ̀ náà sì ti jáde. Ká ní ó dáhùn pé ìyàwó òun ìbá tètè gbàgbé òun ni, ìtùnú náà ìbá fọ́ mọ́ Frankl lọ́wọ́. Òtítọ́ tó kù níbẹ̀ ni pé ìtàn náà yára jù, ó sì dùn jù. Frankl alára ní ẹ̀bi díẹ̀ nínú bí wọ́n ṣe ń lo orúkọ rẹ̀, nítorí ó fẹ́ràn irú ìtàn kéékèèké tó ń parí síbi ire. Lawrence Langer, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, bá a wí lórí èyí nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1982, pé ó ń fi èdè iyì àti ìṣẹ́gun bo ibi tí kò sí iyì, tí kò sì sí ìṣẹ́gun. Ìbáwí náà le, ṣùgbọ́n kò ṣàìní ẹsẹ̀ nílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó wá burú jù lọ nínú ohun tí wọ́n fi sí Frankl lẹ́nu ni pé ìtumọ̀ ni kò jẹ́ kí ó kú. Kí ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ ronú wò lẹ́ẹ̀kan. Bí ìtumọ̀ bá ni oògùn tó ń lé ikú sá ní Auschwitz, ṣé Tilly kò ní tirẹ̀ ni, obìnrin tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú irin ikú nítorí ìfẹ́ ọkọ? Ìyá tí ọmọ rẹ̀ jù ìwé ìwọ̀lú Amẹ́ríkà nù nítorí rẹ̀, ṣé ayé rẹ̀ kò ní ìtumọ̀ tó ni iyàrá gáàsì fi gbé e mì? Àwọn ọmọ ọwọ́ ńkọ́? Mílíọ̀nù mẹ́fà Júù ni wọ́n pa. Ẹni tó bá ní ìrònú rere ló gba Frankl là ti sọ láìmọ̀ pé ìrònú àwọn mílíọ̀nù mẹ́fà kò dára tó. Frankl kò sọ irú rẹ̀ rí. Ó jẹ́wọ́ nínú ìwé rẹ̀ pé oríire ni ó yọ àwọn tó yọ, ó sì gbà pé àwọn tó sàn ju òun lọ wà lára àwọn tí kò padà wálé. Lára ohun tó sọ nípa ìtumọ̀ ni pé ó lè ran ẹni tí wọn kò tíì pa lọ́wọ́ láti máa jẹ́ ènìyàn títí ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn.

Ọmọ Vienna mìíràn wà tí àwọn asọ̀rọ̀-ìwúrí kì í dárúkọ rẹ̀, nítorí orúkọ rẹ̀ kò dùn ún fi ta tíkẹ́ẹ̀tì. Jean Améry ni. Hans Mayer ni wọ́n ń pè é nígbà tí wọ́n bí i ní 1912. Ó sá kúrò ní Austria lọ sí Bẹ́ljíọ̀m lẹ́yìn tí àwọn Násì dé, ó dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń bá wọn jà lábẹ́lẹ̀, wọ́n sì mú un ní oṣù keje 1943 nítorí pé ó ń pín ìwé tó tako Násì. Ní odi Breendonk, wọ́n dè é lọ́wọ́ sẹ́yìn, wọ́n fi ọwọ́ náà gbé e kọ́ sókè títí egungun èjìká rẹ̀ méjèèjì fi yẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí i pé Júù ni, wọ́n kó o lọ sí Auschwitz. Ó yọ. Ó pa orúkọ Jámánì rẹ̀ tì, ó fi Brussels ṣe ibùgbé, ó sì dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ náà fún ogún ọdún kí ó tó kó àwọn àròkọ rẹ̀ jọ sínú ìwé ní 1966.

Ohun tó kọ síbẹ̀ yẹ ní kíkà fún gbogbo ẹni tó bá ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀. Améry jẹ́ ọ̀mọ̀wé tó mọ ewì àti fìlọ́sọ́fì Jámánì bí ẹni mọ ọ̀nà ilé. Ó ní nígbà tí òun dé Auschwitz, ìmọ̀ náà kò wúlò fún òun rárá. Ewì tó ti ń gbé ọkàn òun sókè tẹ́lẹ̀ di ọ̀rọ̀ lásán lẹ́nu. Ó tilẹ̀ gbà pé àwọn onígbàgbọ́ àti àwọn kọ́múníìsì fara dà á ju irú tòun lọ, nítorí wọ́n ní ohun kan tí wọ́n dì mú. Síbẹ̀, kò gba ìgbàgbọ́ wọn, nítorí pé ohun tó wúlò fún ènìyàn kò fi bẹ́ẹ̀ di òtítọ́. Nípa ìdálóró, ó ní ẹ̀ṣẹ́ àkọ́kọ́ ni í gba ìgbẹ́kẹ̀lé tí ènìyàn ní nínú ayé, pé ara òun jẹ́ ti òun, pé ẹnìkan yóò wá gba òun sílẹ̀. Ìgbẹ́kẹ̀lé yẹn, lójú rẹ̀, kì í padà. Nígbà tí àwọn onímọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìbínú àwọn tó yè bọ́ ní àìsàn, Améry kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ìbínú òun kì í ṣe àìsàn. Òun kò ní jẹ́ kí ó tán kìkì nítorí pé ọdún ti gorí ọdún, àti pé Jámánì ti di olówó, tó fẹ́ kí gbogbo ènìyàn gbàgbé.

Ní oṣù kẹwàá 1978, Améry gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Àwọn kan a sì tètè nawọ́ sí i: ẹ ò rí i bí? Ẹni tó rí ìtumọ̀ pé ọdún méjìléláàádọ́rùn-ún láyé. Ẹni tí kò rí i, ẹ wo bó ṣe parí! Ọ̀rọ̀ yìí ń rùn. Ikú ènìyàn kì í ṣe máàkì tí wọ́n fi gbé èrò rẹ̀ yẹ̀wò. Àdánù ni ikú Améry, kò sí ohun ìyìn nínú rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tí irú èrò bẹ́ẹ̀ bá sì ń bẹ̀ wò kí ó sọ ọ́ lónìí yìí fún àgbàlagbà tí ó fọkàn tán, kí ó má dá a gbé. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni ọkùnrin náà fi gbé ayé lẹ́yìn tó jáde ní àgọ́, tó ń kọ̀wé, tó ń jiyàn, tó kọ̀ kí wọ́n fi irọ́ tu òun nínú. Bí ènìyàn bá fi òṣùwọ̀n Frankl gan-an wọ̀n ọ́n, kíkọ̀ yẹn jẹ́ ìhà tí ó kọ sí ìyà tí kò ṣe é yẹ̀. Àwọn ọmọlẹ́yìn Frankl kò ní fẹ́ gbọ́ èyí, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ọ̀gá wọn já sí. Frankl ní ayé ló ń bi ènìyàn léèrè, kì í ṣe ènìyàn ló ń bi ayé. Ó dára. Améry náà dáhùn. Ìdáhùn rẹ̀ ni "rárá". Ta ló wá fún olùtùnú láṣẹ láti fagi lé e?

Ibi tí àwọn méjèèjì ti fohùn ṣọ̀kan nìyí, bí wọ́n tilẹ̀ yàtọ̀ níbi gbogbo yòókù: kò sí ìtumọ̀ kankan tó fara pamọ́ sínú ọgbẹ́ fún àlejò láti hú jáde. Bí ìtumọ̀ bá máa wà, ẹni tó gbọgbẹ́ ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá a, lẹ́yìn ọgbẹ́ náà, tàbí kí ó má dá a. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú ọkàn lónìí kò ṣàìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Judith Herman, dókítà ará Amẹ́ríkà, fi hàn nínú ìwé rẹ̀ ní 1992 pé ìwòsàn ọgbẹ́ ọkàn ní ipele, ààbò sì ni ó kọ́kọ́ gbà. Kí ènìyàn kọ́kọ́ wà níbi tí ewu kò sí, kí ó lè sùn, kí ó tó di pé wọ́n ń bi í ní ìtàn. Richard Tedeschi àti Lawrence Calhoun, tí wọ́n fún ìdàgbàsókè tó ń tẹ̀lé ọgbẹ́ ọkàn ní orúkọ ní àwọn ọdún 1990, tẹnu mọ́ ọn pé ìjàkadì ẹni náà ló ń mú un wá, kì í ṣe àjálù náà. Àjálù kì í kọ́ni ní nǹkan kan. Bí ilé bá jó, iná kọ́ ló kọ́ ilé tuntun.

Ẹnìkan lè ní Òyìnbó ló ń sọ gbogbo èyí, pé ní tiwa, Ọlọ́run ló mọ ìdí ohun gbogbo, àyànmọ́ kò sì gbóògùn. Kí onítọ̀hún ṣí ìwé Jóòbù. Ọjọ́ méje òru méje ni àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù fi jókòó tì í nílẹ̀ láìsọ̀rọ̀, ìyẹn nìkan sì ni ohun rere tí wọ́n ṣe. Bí wọ́n ti lanu láti ṣàlàyé ìdí tí ìyà fi jẹ ẹ́ ni wọ́n bà á jẹ́, ìparí ìwé náà sì ni pé Ọlọ́run bínú sí àwọn aláàlàyé, kì í ṣe sí ẹni tó ń ráhùn. Bí ó bá sì jẹ́ ti ìṣẹ̀ṣe ni, ẹni tó lọ dáfá kì í kọ́kọ́ ro ẹjọ́ rẹ̀ fún babaláwo. Ohun tó ń dùn ún ni ó ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ sí owó tàbí ikin. Babaláwo kì í sì dúró sórí àlàyé ìdí. Ẹbọ ni ó ń kà fún un, ohun tí onítọ̀hún yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe.

Èdè Yorùbá gan-an gbọ́n ju àwọn tó ń sọ ọ́ lónìí lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kí ni àwọn àgbà ń sọ bí wọ́n bá dé ilé ọ̀fọ̀? Ẹ kú ara fẹ́ra kù. Ẹ kú ìrọ́jú. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a tún rí irú rẹ̀ mọ́. Kí olùkàwé wo àwọn ìkíni wọ̀nyí dáadáa. Kò sí èyí tó ní "nítorí" nínú. Wọ́n rí i pé ara ti fẹ́ra kù, wọ́n rí i pé ẹni náà ń rọ́jú, wọ́n sì gbàdúrà. Wọ́n parí síbẹ̀, wọ́n sì wá ibi jókòó sí. Láti ìgbà wo ni ìkíni yìí kò ti tó mọ́, tí àlejò fi gbọ́dọ̀ wá ṣe ìwàásù lórí àǹfààní ikú?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àríyànjiyàn inú ìwé lásán. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2022, lọ́jọ́ Àìkú Pẹ́ńtíkọ́sì, àwọn apààyàn ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St. Francis ní Ọ̀wọ̀, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, wọ́n sì pa ènìyàn tí kò dín ní 40. Àwọn ọmọdé wà nínú wọn. Ọmọ tó jẹ́ ọdún mẹ́wàá nígbà náà, tó rí i, tó sì yọ, ti wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama báyìí. Ó lè jẹ́ òun ló jókòó lẹ́yìn kíláàsì, tí ariwo ìlẹ̀kùn ń mú fò sókè, tí olùkọ́ sì rò pé ọmọ aláìgbọ́ràn ni. Láti ọdún 1980 ni àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà ti kọ àwọn àmì wọ̀nyí sínú ìwé àrùn wọn: àlá burúkú, ìdágìrì, àìlèsùn, bíbá ọ̀ràn náà pàdé lọ́kàn bí ẹni pé ó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́. Ìtọ́jú wà fún un. Ọmọ bẹ́ẹ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ ìdí tí ìbọn fi dún fún un. Ó nílò kí olùkọ́ mọ̀ pé nǹkan ń ṣe é, kí ó fi í síbi tí yóò ti máa rí ẹnu ọ̀nà, kí ó sì bá àwọn òbí rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa ilé-ìwòsàn.

Ibí yìí ni iṣẹ́ tí Frankl ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Vienna ti wúlò ju gbogbo gbólóhùn rẹ̀ lọ. Kò dúró kí àwọn ọmọ náà wá ka ìwé òun. Ó wo kàlẹ́ńdà, ó rí ọjọ́ tí wọn yóò pín ìwé èsì, ó sì rí i pé ẹnìkan wà níkàlẹ̀ lọ́jọ́ náà tí ọmọ tó fìdí rẹmi lè bá sọ̀rọ̀ láìsanwó. Ẹ̀yin olùkọ́ náà mọ ọjọ́ tí ẹ ń pín èsì. Ẹ mọ ọmọ tó ń bẹ̀rù àtilọ sílé.

Àṣà kan tún kù tí àwọn olùkọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ gbọ́dọ̀ jáwọ́ nínú rẹ̀. Kò sí ìtàn tí wọ́n kà ní kíláàsì tí wọn kì í fi "ẹ̀kọ́ tí ìtàn yìí kọ́ wa" dé lórí. Ìjàpá jalè, ó jẹ́ ẹ̀kọ́. Ìyẹn dára fún Ìjàpá. Ṣùgbọ́n wọ́n tún ń sọ fún ọmọ pé kí ó kọ àròkọ lórí ọjọ́ tí kò lè gbàgbé láyé rẹ̀, kí ó sì fi ẹ̀kọ́ tí ó rí kọ́ parí rẹ̀, máàkì márùn-ún ń bẹ fún ìparí. Ọmọ tí ọjọ́ tí kò lè gbàgbé jẹ́ ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ kú lójú rẹ̀ yóò wá jókòó, yóò máa wá ẹ̀kọ́ kiri nínú òkú ìyá rẹ̀ nítorí máàkì márùn-ún. Yóò sì rí i, nítorí ọmọ mọ ohun tí olùkọ́ ń fẹ́: yóò kọ pé òun ti kọ́ láti jẹ́ akíkanjú, pé ohun gbogbo ló ní ìdí. Bẹ́ẹ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ ṣe ń kọ́ ọmọ láti parọ́ nípa ohun tó dùn ún jù lọ. Bí ọmọ kan bá wá kọ àròkọ náà tó dúró níbi tí wọ́n ti gbé pósí jáde, tí kò sọ ẹ̀kọ́ kankan, kí olùkọ́ fún un ní gbogbo máàkì tí èdè rẹ̀ bá tọ́ sí, márùn-ún ìparí pẹ̀lú, kí ó sì pe ọmọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn kíláàsì láti bi í léèrè ẹni tó ń gbọ́únjẹ fún un nílé báyìí.